“A ṣe é” kò tó: bí mo ṣe ń múra sílẹ̀ fún íntáfíù ipò máníjà ẹnjinníà sọ́fítíwíà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi ṣubú níbi íntáfíù àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ipò máníjà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè mí. Èmi wà nínú yàrá mi ní Bódìjà, n’Íbàdàn, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa lókè, mo ró àǹkárá nísàlẹ̀ tábìlì. Obìnrin tó ń bi mí léèrè ní kí n sọ nípa iṣẹ́ kan tó le tí mo ti darí rí. Mo bẹ̀rẹ̀. A kó dátábéèsì wa kúrò lórí sáfà àtijọ́ lọ sórí tuntun. A pín iṣẹ́ náà sọ́nà mẹ́ta. A ṣe é lóru kí àwọn oníbàárà má baà mọ̀ ọ́n lára. A ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ń mirí, ó wá ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ gan-an ṣe?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Gbogbo wa la jọ ṣe é.” Lọ́jọ́ kẹrin ni lẹ́tà wọn dé. Wọ́n ní àwọn gbádùn ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n àwọn ò rí ipa tí èmi fúnra mi kó nínú rẹ̀.

Ó dùn mí. Iṣẹ́ tí mo fi oṣù mẹ́jọ ṣe, tí orí ń fọ́ mi nítorí rẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi wálẹ̀, mo rí i pé ilé ni mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn wá. Nílé tiwa, ọmọ tó bá ń sọ “èmi, èmi” láàárín àgbà, afọ́nnu ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó se ọbẹ̀ tó dùn, tí wọ́n bá yìn ín, á ní “ẹ̀yin lẹ ra ẹran.” Ìwà tó dáa ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ kò mọ ilé yín, kò sì lè lọ bi aládùúgbò. Ohun tí ẹnu yín bá sọ nìkan ló máa kọ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti jókòó síbi irú íntáfíù yìí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì bọ́ sí i. Mo ti jókòó lápá kejì náà, tó jẹ́ èmi ni mò ń béèrè. Àbúrò mi kan ní Yábàá ní wọ́n ti pe òun, ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ ránṣẹ́. Ohun tí mo kọ sí i nìyí, mo kàn yọ ọ̀rọ̀ ẹbí kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ bi yín

Ẹni tó máa kọ́kọ́ pè yín ni recruiter, ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni wà níwájú adájọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yege, iṣẹ́ tiẹ̀ náà yọrí, torí náà ohun kan náà ni ẹ̀yin àti òun ń fẹ́. Ẹ bi í: ìpele mélòó ni? Ta ni màá bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan? Ṣé wọ́n máa ní kí n kọ kóòdù? Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n kà? N ò tíì rí èyí tó bínú sí ìbéèrè yẹn rí. Òmíràn tiẹ̀ máa ń fi ìwé ojú-ewé mẹ́rin ránṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa bá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ẹnìkan á bi yín nípa bí ẹ ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́. Ẹnìkan á ṣe system design pẹ̀lú yín, ìyẹn ni pé ẹ ó ya bí ẹ̀rọ sọ́fítíwíà kan ṣe máa ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnìkan á tú iṣẹ́ kan tí ẹ ti ṣe wò fínnífínní. Ẹ ó sì bá ẹni tí kì í ṣe ẹnjinníà sọ̀rọ̀, bíi product manager (ẹni tó ń pinnu ohun tí sọ́fítíwíà náà máa ṣe fún oníbàárà), kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ lè bá aráyé gbé. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀. Amazon, fún àpẹẹrẹ, ní ìlànà 16 tí wọ́n ń pè ní Leadership Principles. Gbangba ló wà lórí ìkànnì wọn, orí ìlànà yìí sì ni wọ́n máa ń gbé ìbéèrè wọn kà. Ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Bar Raiser á tún wà láàárín àwọn tó ń béèrè, ẹni tí kò sí nínú tíìmù tó ń wá èèyàn, kí ìkánjú wọn má baà mú wọn gba ẹni tí kò yẹ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ láìka ìlànà 16 yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Ní ti kóòdù, àwọn kan ṣì máa ń ní kí máníjà kọ ọ́, àwọn kan ò ní. Bí recruiter bá ní ẹ máa kọ, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ ṣe ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ní ẹ ò ní kọ, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò síbẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ fi oṣù kan gbáko há àdììtú kóòdù sórí nítorí pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìwé olójú-ewé ogójì

Ohun tó bá mi yanjú ẹ̀ ni ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí tábìlì ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ orí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ síbẹ̀, ojú-ewé méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa tó, tí mo ní láti sọ òótọ́ fún, ẹni tí mo ràn lọ́wọ́ títí ó fi gba ìgbéga, ẹni tí mo gbà síṣẹ́ tí mo sì kábàámọ̀, ẹni tí mo ní kó máa lọ, iṣẹ́ tó pẹ́ kọjá ọjọ́ tí a dá, ọjọ́ tí ẹ̀rọ wa kú, ìgbà tí mi ò gba ohun tí ọ̀gá mi sọ, àti àṣìṣe tó jẹ́ tèmi pátápátá, tí n ò lè tì sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ fojú sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Nígbà tí mo ń ṣe íntáfíù fún àwọn ẹlòmíràn, ọkùnrin kan ní àṣìṣe òun ni pé òun máa ń ṣiṣẹ́ jù. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Yorùbá ni mo fi ń kọ ìtàn wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi sọ wọ́n. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ló ń jáde lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá tí kò ní eegun nínú. Bí mo bá fi Yorùbá kọ ọ́, màá rántí ohun tí ẹni yẹn sọ gan-an, ibi tí a jókòó sí, àti ohun tó bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni màá wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láìwo ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Nínú tíìmù mi àtijọ́, ẹ̀gbọ́n kan wà tó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń san owó fún àwọn oníṣòwò. “Ẹ̀gbọ́n” ni mò ń pè é, “ẹ” ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí dòní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ kóòdù òun wò. Ọmọ tuntun kan kọ àbá sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èsì tó fún un ni pé, “Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, o ò tíì wọ JSS.”

Bí mo ṣe kọ́kọ́ ń sọ ìtàn yẹn rèé: “A ní àgbà ẹnjinníà kan tí kò fẹ́ràn kí wọ́n yẹ kóòdù rẹ̀ wò. A bá a sọ̀rọ̀, a ṣe òfin tuntun, nǹkan sì dára sí i.” Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Kí lẹ sọ? Kí lòun náà sọ? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó dára sí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí èèyàn lè dì mú.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí nìyí.

“Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, ó gbé àyípadà kan jáde, ó sì kọrí sílé. Kó tó di aago mẹ́jọ, owó àwọn oníṣòwò ò wọlé mọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ tíìmù mi ni kò sùn títí di aago méjì òru. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mi ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi ìpàdé. Mo ní kí òun àti èmi jọ lọ jẹun ọ̀sán. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́, mi ò ṣiṣẹ́ mi nìyẹn. Mo fi àkọsílẹ̀ ìgbà mẹ́ta hàn án láàárín oṣù méjì, tí ohun tó gbé jáde láìsí ojú kejì ti da iṣẹ́ rú, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó fi oorun wọn dí i. Mo wá bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó ní bí òun bá fi kóòdù ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ méjì ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó dáhùn, ọ̀gá àgbà á sì máa pariwo lé òun lórí. Mo padà lọ wo àkọsílẹ̀. Òótọ́ ló sọ: ọgbọ̀n wákàtí ni àyẹ̀wò kan ń gbà wá. Ohun méjì ni mo pinnu. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé kóòdù jáde mọ́ láìsí ojú kejì, èmi náà ò yọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fi àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín wákàtí mẹ́rin iṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn méjì nínú àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń yẹ kóòdù ìsanwó wò, ó sì gbà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wákàtí márùn-ún ni àyẹ̀wò ń gbà, a ò sì tún rí irú òru ọjọ́ Ẹtì yẹn mọ́. Àṣìṣe tèmi ni pé mo pẹ́ jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ojú àgbà ni mò ń wò.”

Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní STAR, tí ẹ máa rí níbi gbogbo: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó já lé yín léjìká, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí ni apá àkọ́kọ́. Wọ́n á fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé ilé-iṣẹ́ wọn, àwọn sáfà wọn, ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ẹ fún apá méjì àkọ́kọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ ṣe ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn. Ará Berlin kò mọ ohun tí “ẹ” túmọ̀ sí. Gbólóhùn kan ni mo fi ń là á yé e: ó jù mí lọ dáadáa, níbi tí mo ti wá, a kì í bá àgbà wí ní gbangba, torí náà ìdákọ́ńkọ́ ni mo yàn. Ó máa ń yé wọn, ó sì máa ń wù wọ́n. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni bóyá ẹ padà sọ ọ̀rọ̀ náà tàbí ẹ fi ọ̀wọ̀ bo ìbẹ̀rù. Ẹ rí i dájú pé apá tí ẹ ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà hàn nínú ìtàn yín.

“Mo” níbo, “a” níbo?

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ mí, mo kọ́kọ́ ṣe é láṣejù. Gbogbo nǹkan di “mo, mo, mo.” Ìyẹn náà ò dáa. Mo ti ṣe íntáfíù fún ẹnìkan tó ní òun kọ́ ohun kan, òun tún òmíràn ṣe, òun gbé ìkẹta jáde. Mo bi í pé, “Nínú àwọn mẹ́fà tó wà lábẹ́ yín, ta ló ṣe apá tó le jù?” Kò rí orúkọ kan pè. Ẹni tí kò rántí ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la máa fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́?

Bí mo ṣe ń pín in nìyí: ìpinnu, ọ̀rọ̀ tó le, ẹni tí mo yàn fún iṣẹ́ àti àṣìṣe, “mo” ni. Iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ ẹni tó ṣe é ni mo ń dá. Àṣeyọrí, “a” ni. Mo pinnu pé a ò ní kó gbogbo oníbàárà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin kan báyìí ló kọ ohun tó ń kó wọn lọ díẹ̀díẹ̀. A parí rẹ̀ láìpàdánù owó kankan. Ẹ wò ó, kò sí fọ́nnu níbẹ̀.

Ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo ka “we” mẹ́tàlélógún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, “I” sì jẹ́ méjì péré, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni “I think.” Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe ọkọ mi wá jókòó. Irin àti sìmẹ́ǹtì ló ń tà ní Ìwó Road, kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù. Ìdí gan-an tí mo fi pè é nìyẹn. Ibi tí ó bá ti sọ pé “dúró ná, ta ló ṣe ìyẹn?” ni ibi tí ìtàn mi ti fọ́. Ibi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ jù.

System design, tí máníjà bá ń ṣe é

Àwọn tó ti pẹ́ nínú kóòdù máa ń rò pé ibí ni àwọn ti máa tàn. Wọ́n á gbá pátákó mú, wọ́n á ya àpótí ogún. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá lára máníjà ni ohun tí ẹ béèrè kí ẹ tó yà á, ohun tí ẹ yàn láti má ṣe, àti ẹni tí ẹ rò pé ó máa ṣe èyí tó kù.

Ẹ mú àpẹẹrẹ láti inú ohun tí ẹ mọ̀ látọwọ́ wá. Tèmi ni fífi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn. Láti 2011 ni NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé NIP jáde, ètò ìfowóránṣẹ́ tó jẹ́ pé owó ń dé lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn lójú. Ẹnìkan fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l’Ọ́ṣogbo. Nẹ́tíwọọ̀kì já. Èsì ò padà wá. Ṣé owó lọ àbí kò lọ? Bí áàpù bá kàn tún un fi ránṣẹ́, ₦40,000 lè jáde. Bó bá sọ pé kò lọ, ẹni yẹn á tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀, ₦40,000 náà ni. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó kúrò nílé, nọ́ńbà kan náà ni ẹ óò sì fi tún un rán, kí ẹ̀rọ tó ń gbà á lè mọ̀ pé òun ti rí èyí rí. Idempotency key ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Bí èsì bá pẹ́, ẹ má pè é ní “kò lọ.” Ẹ pè é ní “a ò tíì mọ̀,” kí ẹ sì béèrè ipò rẹ̀ lọ́wọ́ NIP kí ẹ tó dá owó padà. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí ló máa yé kíákíá, àwọn tó ń béèrè nílùú òyìnbó náà sì fẹ́ràn rẹ̀ torí wọ́n rí i pé ẹ ti fara kó o.

Wọ́n á wá mú un le sí i. “Bí èrò bá di ìlọ́po márùn-ún lójijì ńkọ́?” Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kò nílò kó ronú jìnnà. Owó bébà wọ́n bí ojú lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, gbogbo ayé sá lọ sórí ìfowóránṣẹ́, kódà ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Ìfowóránṣẹ́ ń há káàkiri. Mo máa ń sọ ohun tí mo pa nígbà náà kí ìsanwó lè mí: mo ní kí wọ́n dá ìwé àkáǹtì tí àwọn oníbàárà ń fà jáde dúró ní ọ̀sán, kí wọ́n sún un di òru. Olórí ẹ̀ka títà bínú sí mi. Ìtàn nìyẹn náà, ó wà lójú-ewé 14. Bí wọ́n bá bi yín pé íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ pátápátá ńkọ́, 14 oṣù Kẹta 2024 wà nílẹ̀, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan, tí mẹ́rin nínú wọn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, fi bàjẹ́ pọ̀. Bí ọ̀nà méjì tí ẹ ní bá jọ gba etíkun kan náà, ọ̀nà kan lẹ ní.

Apá tó jẹ́ ti máníjà gan-an rèé, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí i tí ojú wọn ń là. Ẹnìkan á ní, “A fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ 99.9%.” Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn: nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ìṣẹ́jú 43 ló lè fi kú. 99.99% ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tó fún èèyàn láti jí, kó nu ojú, kó ṣí kọ̀ǹpútà. Torí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè wo ara rẹ̀ sàn, iṣẹ́ oṣù mélòó kan sì nìyẹn. Àti pé ta ló ń ṣọ́ ọ lóru? Bí ẹnjinníà bá jẹ́ márùn-ún, on-call, ìyẹn ìṣọ́ ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, á máa kan ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan nínú márùn-ún. Bí ẹnìkan bá bímọ, tí òmíràn lọ fún ìsinmi, ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta ni. Àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹni tó bá lè so 99.99% pọ̀ mọ́ oorun èèyàn márùn-ún ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ti ìwọ̀n iṣẹ́ tíìmù, ẹ mọ àwọn ìwọ̀n mẹ́rin tí ìwádìí DORA fi kọ́kọ́ di mímọ̀: bí ẹ ṣe ń gbé kóòdù jáde lemọ́lemọ́ tó, bó ṣe ń pẹ́ tó kí kóòdù tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, èyí tó ń bàjẹ́ nínú ohun tí ẹ gbé jáde, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá wọ̀n wọ́n rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àkọ́sórí, tí kò lè sọ iye tíìmù tirẹ̀, ojú á tì í.

Ọjọ́ náà

Mo ti ṣe íntáfíù kan tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún ju ohùn mi lọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń gba ilé ọ̀rẹ́ kan tó ní inverter lọ, tàbí kí n bẹ aládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pẹ̀lú ìgò málíìtì méjì. Nẹ́tíwọọ̀kì méjì, kí ó má jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Kí fóònù ti gba iná kún. Kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín ránṣẹ́ sí recruiter ṣáájú, kó lè pè yín bí gbogbo rẹ̀ bá kú.

Ọ̀rọ̀ aago ló fẹ́ pa mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Lọ́ńdọ̀nù ń sún tiwọn síwájú lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nígbà òtútù wọn, aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú. Nígbà ooru wọn, ọgbọọgba ni. Ní àárín oṣù Kẹta, wọ́n fún mi ní aago méjì ọ̀sán ti Lọ́ńdọ̀nù, fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin. Mo kọ aago mẹ́ta sínú ìwé mi. Lọ́jọ́ náà, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún. Mo wà lọ́jà Bódìjà, mò ń nájà tàtàṣé. Wọ́n sún un fún mi, Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò gba iṣẹ́ yẹn. Ti New York tiẹ̀ tún jìn: wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa nígbà ooru, mẹ́fà nígbà òtútù.

Ìbéèrè tiyín

Wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún yín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé wọn. Mo máa ń béèrè ẹni tó wà ní ipò yìí tẹ́lẹ̀ àti ibi tó wà báyìí. Mo máa ń béèrè pé ta ló ń pinnu ìgbéga, ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n jí èèyàn lóru ní oṣù tó kọjá, àti pé nínú tíìmù tí wọ́n fẹ́ fún mi, ta ló fẹ́ ipò yìí tí wọn ò fún un. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa ń mú wọn dákẹ́ díẹ̀. Ìgbà kan, ẹni tó ń bi mí léèrè ní, “Èmi ni.” A sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Owó: bí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ fẹ́, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún ipò náà. Ẹ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ wọn lẹ máa jẹ́ tàbí kọntirakítọ̀, ẹni tó ń san owó orí, àti owó ìlú wo ni wọ́n máa fi san án, torí náírà ń yí àwọ̀ bí ọ̀gà.

Bí ìpè bá ti parí, ẹ má tíì dìde. Kí ẹ tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi yín sínú ìwé yẹn, àti ohun tí ẹ fi dáhùn, torí láàárín wákàtí kan ìdajì á ti fò lọ. Èyí tí mo kọ lẹ́yìn íntáfíù iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí wà lójú-ewé 31. Bíírò ló fẹ́ tán, torí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn: “Ó béèrè ẹni tó ṣe apá tó le jù. Mo dá orúkọ ẹ̀gbọ́n.”